Filáàṣì Méjì fún Ìyá Wa

Láti ìgbà tí mo ti dé ni gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ojú Ore l'Ọ́tà ti ń bi mí pé, "Àǹtí Telọ, báwo ni Àbíjá ṣe rí?" Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo bá ní ó dára, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pamọ́. Bí mo bá ní ojú mi rí màbo, wọ́n á ní ṣebí mo sanra ju bí mo ṣe lọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó, tí mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sinmi. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé ni n ó nà sí i.

Ẹ má retí pé n ó ka iye bọ́dà tí a kọjá tàbí ohun tí a sọ fún àwọn tó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó wọkọ̀. Tèmi ni ti síìmù mẹ́ta tí mo rà lójú ọ̀nà, ti ìyá mi tó jókòó sílé, àti ti ẹ̀gbọ́n mi tí mo lọ wá.

Àdéhùn

Gàníyù ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Bàbá wa ló kọ́ àwa méjèèjì ní iṣẹ́ telọ, nígbà tó fi Èjìgbò sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Sango. Ẹ mọ àwọn ará Èjìgbò. Bí ẹlòmíràn ṣe ń lọ Èkó ni wọ́n ń lọ Àbíjá, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá wa kú, Bùọ̀dá Gàní ní òun náà á lọ, ó sì lọ. Ó máa ń pè wá dáadáa. Nígbà yẹn kò tíì sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa. Ilé ìpè kan ní Sango ló máa ń pè sí, ẹni tó ni ibẹ̀ á sì ránṣẹ́ sí ìyá wa pé ọmọ rẹ̀ yóò tún pè ní aago mẹ́rin. Ìyá wa á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dára, á kun lẹ́ẹ̀dì sójú, bí ẹni pé ọmọ náà á rí òun láti inú fóònù.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé bá wọn lọ́hùn-ún. Ọdún kan kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó di ọdún kejì, ó di ìkẹta, ó di ìkẹrin.

Láàárín ìgbà yẹn, Ọ̀tà yí padà lójú wa. Ibi tí à ń ti hú ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn ò lè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó rí ìparí rẹ̀, yunifásítì sì hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ọmọ Mùsùlùmí wá di ẹni tó ń rán aṣọ kọ́ọ̀yà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo sì tún ń rán ti àwọn ọmọ tó ń gboyè. Mi ò ráhùn o. Ọlọ́run ò bi mí pé ta ni mò ń ránṣọ fún kó tó fún mi ní oúnjẹ. Gbogbo ayé sì ra fóònù. Ìyá wa náà ní ọ̀kan, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí.

Ojú ìyá wa ti ń ṣú, kò sì kàwé rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló ń dùn ún jù. "Àbẹ̀kẹ́," ló máa ń wí fún mi, "bí Àkànbí bá ti kú, kí n sunkún rẹ̀ kó tán. Bí ó bá wà láàyè, kí n yéé sunkún. Àárín méjì tí mo wà yìí ló fẹ́ pa mí." Àkànbí ni oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Kò pè é ní Gàníyù rí.

Nígbà tí ará Èjìgbò kan tó ti Àbíjá dé wá sọ fún wa pé òun rí telọ Yorùbá kan níbẹ̀ tó jọ ọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní mò ń lọ. Ìyá wa ò dá mi dúró. Ó kàn ní a ó kọ́kọ́ ṣe àdéhùn.

Ẹ ó rántí pé nígbà yẹn wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn nọ́ńbà kan wà, bí èèyàn bá gbé e pẹ́nrẹ́n, ó ṣubú, ó kú. Ìyá wa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe gba dókítà gbọ́ lọ. Ó ní bí mo bá fi nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè pe òun, òun ò ní gbé e, ìbáà jẹ́ èmi, ìbáà jẹ́ ta ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún.

"Filáàṣì mi," ó ní. "Jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, kí o gé e. Màá máa kà á."

Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi ìka mú ìlẹ̀kẹ̀ kan. Filáàṣì kan ni pé mo ti dé ìlú kan, àlàáfíà ni. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kejì. Filáàṣì méjì ni pé mo ti rí Àkànbí, ó wà láàyè.

"Mẹ́ta ńkọ́, Ìyá?" mo bi í.

Ó fi ìka mú ìlẹ̀kẹ̀ kẹta. "Mẹ́ta ni pé sàréè rẹ̀ lo rí. Má fi ẹnu sọ ọ́ fún mi. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì máa bọ̀ nílé."

Gbogbo ìgbà tí òun bá ti gbọ́, òun náà á filáàṣì mi padà lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ̀ pé ó dé etí òun. A ti fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì náà títí ó fi mọ̀ ọ́n láìwò ó. Mo yọ síìmù tèmi kúrò nínú fóònù, mo sì rán an mọ́ etí gèlè mi. Wọ́n lè fa àpò ya, wọ́n lè jí báàgì gbé, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí olè tó ń tú irú kókó tí mo bá ta.

Píìsì

Òòrùn ti mú nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Kùtọnu. Mo rí obìnrin kan lábẹ́ agbòòrùn, àwọn káàdì ìpè wà níwájú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Kí n tó lanu, ó ti fi àpótí sílẹ̀ fún mi kí n jókòó. Ó bu omi sínú ife, ó mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, ó wá gbé ìyókù fún mi. Ó jẹ́ kí n mu ún tán kó tó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo rántí pé bàbá wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Àwa tó wà nílé báyìí, omi inú ọ̀rá là ń tà fún ara wa.

"Píìsì lẹ fẹ́ rà àbí?" ó bi mí. Yorùbá Àjàṣẹ́ ló ń sọ, ó ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní rárá, mo ní píìsì aṣọ nílé, ó kún àpótí méjì. Mo ní telọ ni mí.

Ó wò mí. "Píìsì fóònù ni mo wí."

Mo ní fóònù mi ò wọṣọ.

Ẹ̀rín pa obìnrin yìí débi pé ó di igi agbòòrùn mú. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó mú síìmù kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní ohun tí ẹ̀yin ń pè ní síìmù yẹn, òun làwọn ń pè ní píìsì, àti pé àwọn Faransé ló fún un ní orúkọ kòkòrò kékeré tó máa ń fò lára ajá. Mo wo nǹkan náà lọ́wọ́ mi. Mo ní kò burú, bó bá lè fò dé Ọ̀tà.

Ó fi í sínú fóònù fún mi. Ó ra àkàsà àti ẹja díndín fún mi lọ́dọ̀ ẹni tó ń kiri, ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan. Ẹ̀kọ ni àkàsà, àmọ́ ó kan ju tiwa lọ, ata tútù tí wọ́n lọ̀ sí i sì lè jí òkú. Lẹ́yìn tí mo jẹun tán ni mo tẹ nọ́ńbà ìyá wa. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, mo gé e.

Mo gbé fóònù lé orúnkún. Kò pẹ́ tó kí èèyàn fọ abọ́ tán, iná fóònù tàn, ó dún kín-ín, ó dákẹ́. Ìyá mi nìyẹn, nínú yàrá rẹ̀ l'Ójú Ore, tó na ìka sí bọ́tìnì nítorí mi. Ojú tì mí láti sunkún lójú ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n mo sunkún. Obìnrin náà tún bu omi fún mi.

"Jọ̀wọ́"

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ní Ákrà ni "please." Ẹni tó ń ta omi, please. Ẹni tó fẹ́ kí o sún fún òun nínú ọkọ̀, please. Kódà ẹni tó fẹ́ sọ fún ọ pé irọ́ lò ń pa, á kọ́kọ́ fi please síwájú rẹ̀. Èmi tí mo ti Sango wá, tí a ti máa ń fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó di pé a mọ ohun tí à ń jà sí, mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta síìmù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí a ṣe ń ná nǹkan nílé. Mo ní ọjà rẹ̀ wọ́n bí ojú. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ó wò mí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó ní, "Please, Mummy, no." Ojú tì mí. Mo fún un ní ohun tó pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Níbẹ̀, ṣíìpù ni wọ́n ń pe síìmù. Èmi ti kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá pè é ní àgbàdo, n ó rà á.

Mo jẹ kẹ́nkẹ́, ẹ̀kọ tiwọn, níbẹ̀ pẹ̀lú ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣitọ̀, mo sì ra ṣitọ̀ yẹn dání, nítorí n kò mọ̀ bóyá ẹni tí mò ń wá ṣì fẹ́ràn ata. Mo filáàṣì ìyá wa lẹ́ẹ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, èsì ò tètè dé. Mo jẹ kẹ́nkẹ́ tán, mo ṣan ọwọ́, kò sí nǹkan. Mo ti ń ro oríṣiríṣi. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun ní mọ́sáláṣí kan nítòsí ni mo tó rántí pé àkókò ìrun Ásárì nílé ni mo pè. Ó ń kírun ni. Kò pẹ́ sígbà náà, fóònù dún kín-ín.

Àbíjá

Ẹ ò bá rí afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá, tí omi ń dán lábẹ́, tí àwọn ilé gíga dúró lọ́hùn-ún bí ẹni tó wọṣọ Iléyá. Mo ní àṣé ibi tí Bùọ̀dá Gàní ti ń pè wá rèé. Ó wá yé mi ìdí tí kò fi rọrùn láti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Àlájà Ṣìfáwù ni mo dé sí. Ọmọ Èjìgbò ni, ó ti ń ta abọ́ ní Tíréṣífílì, àdúgbò kan níbẹ̀, kó tó di pé wọ́n bí mi. Mo kanlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí bàbá wa ṣe kọ́ wa pé kí Mùsùlùmí máa ṣe. Ó ní kí n wọlé, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni, nítorí àwọn ará ibẹ̀ máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó fún mi ní àtíkẹ́ àti ẹja. Mo rò pé gààrí tí wọ́n gbàgbé láti yan ni. Mo jẹ ẹ́ nítorí ìwà ọmọlúàbí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń bi wọ́n pé ṣé àtíkẹ́ ṣì kù.

Mo tún ra píìsì. Obìnrin tó tà á fún mi pè mí ní Tantí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin tó bá dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kí n "bíípé" òun, kó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àlájà ní filáàṣì ni bíípé. Inú mi dùn pé wọ́n ń filáàṣì níbẹ̀ náà. Mo ní ayé ò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo filáàṣì ìyá wa lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Ogun ti fi nǹkan sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Nínú ọjà, bí mo bá lanu, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, ẹnì kan á ní "Ànàgó," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á tún máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ ni. Èèyàn tó bá wà nílé ara rẹ̀ kì í mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo nílé onílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wá a. Kò sẹ́ni tó mọ Gàníyù kankan. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọkùnrin kan tí Àlájà bá sọ̀rọ̀ ní mọ́sáláṣí wá sọ pé telọ kan wà ní àdúgbò Àbọbọ tó jẹ́ Ànàgó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi àti Àlájà wọ takisí.

Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni, wọ́n ta aṣọ búlúù sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa nídìí máṣíìnì. Irun rẹ̀ ti funfun lẹ́yìn orí. Mo ní kì í ṣe òun. Ó rán aṣọ náà dé òpin, ó tẹ orí wálẹ̀, ó fi eyín gé òwú. Bàbá wa na ẹ̀gbọ́n mi nítorí eyín yẹn títí, kò jáwọ́.

"Bùọ̀dá Gàní," mo ní.

Kò wẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni pé ó ti máa ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì fẹ́ kó tan òun mọ́. Mo tún pè é. Ó yí padà, ó wò mí, ó wo Àlájà, ó tún wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ìyá ńkọ́?"

"Ìyá wà. Àwọn ló rán mi."

Ó gbé orí lé máṣíìnì. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo dúró tì í, mo fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Àlájà lọ dúró síta.

Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló tó sọ fún mi. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà ogun, ìwé tó kọ nọ́ńbà sí jóná. Ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà ilé ìpè Sango lórí. Ó pè é títí, kò lọ. Oṣù dé oṣù, kò lọ.

Mo ní, "Bùọ̀dá, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Gbogbo èèyàn ló ti ra fóònù, ta ló fẹ́ lọ pè níbẹ̀? Bíbélì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí."

"Bíbélì," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rò pé ẹ ti kúrò ní Ọ̀tà. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí. Mo ní kí ni mo fẹ́ gbé wálé? Orí tó funfun yìí?"

Mo ní orí yẹn gan-an ni Ìyá ń retí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta

Ibi tí mo ti ṣe é rèé o. Mo fa fóònù yọ. Mo tẹ nọ́ńbà ìyá wa, mo gbé e sétí. Etí mi dákẹ́ rọ́rọ́. N kò gbọ́ kí ó dún. Mo gé e, mo ní kò lọ. Mo wá jáde síta níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dára, mo tún un ṣe. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, mo gé e. Mo tún pè é, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, mo gé e. Mo wọlé, mo ní, "Bùọ̀dá, Ìyá ti mọ̀ báyìí pé ẹ wà láàyè."

A dúró de èsì. Ó sọ fún mi nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú. Mo gbé ṣitọ̀ fún un, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní ata ṣì ni òun fẹ́ràn jù. Èsì ò dé. Mo ní bóyá ìrun ni. Àkókò ìrun kọjá. Mo pè é, ohùn kan ní fóònù ti kú. Ní ọ̀nà ilé Àlájà, nínú takisí, ni ọ̀rọ̀ náà là mí lójú. Ti àkọ́kọ́ tí etí mi ò gbọ́ yẹn, ó dún nílé. Ìyá wa kà á. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìlẹ̀kẹ̀ méjì, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹ̀gbọ́n mi fún ìyá mi, lọ́jọ́ tí mo rí i.

N kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti Àlájà padà sí ṣọ́ọ̀bù Bùọ̀dá Gàní, fóònù Ìyá ṣì kú. Nọ́ńbà gbogbo èèyàn mi wà lórí síìmù tí mo rán mọ́ gèlè. Mo yá abẹ́rẹ́ Bùọ̀dá Gàní, mo tú u, mo fi í sínú fóònù, mo fi ṣọ́ọ̀kì telọ kọ nọ́ńbà Màmá Kọ́ọ̀yà sára tábìlì. Aládùúgbò wa ni, òun ni aṣáájú àwọn akọrin tí mò ń ránṣọ fún. Mo dá píìsì padà, mo pè é.

Kò sọ pé hẹ́lò. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá nọ́ńbà náà wí.

Mo ní, "Màmá, èmi ni. Àǹtí Telọ."

Ó dá àdúà rẹ̀ dúró. "Ṣé ẹ wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, Màmá. Ìyá wa ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ìyá wa wà lórí ẹní láti àná. Ó ti yọ bátìrì fóònù rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí òun ń retí mọ́. Àwọn èèyàn ti ń wá kí i kú ìrọ́jú, Lèmọ́mù ń bọ̀ lọ́la fún àdúà, òun gan-an ti se ìrẹsì lọ síbẹ̀. "Àǹtí Telọ, ẹ mọ́kàn le. Ẹ̀gbọ́n yín sùn nínú—"

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Ó ń jẹ búrẹ́dì."

Mo gbọ́ bí sálúbàtà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Ó gbé mi kọjá ní àdúgbò wa. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, mo gbọ́ àwọn tó ń dánrawò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ẹni tó ń kí i tí kò dá lóhùn. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ràn Ojú Ore tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa ò gbà kí wọ́n gbé fóònù sí òun létí. Mò ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. "Mo ní kí wọ́n má fẹnu sọ ọ́ fún mi. Ẹ gbé e kúrò."

Bùọ̀dá Gàní gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìyá," ó ní. "Ìyá, èmi ni. Àkànbí."

A gbọ́ ohùn Ìyá lọ́hùn-ún, ó gbẹ, ó sì le. "Ẹnikẹ́ni ló lè ní òun ni Àkànbí. Wọ́n fẹ́ tù mí nínú ni. Màmá Kọ́ọ̀yà, ẹ gé e. Ẹ bá mi fi bátìrì sí tèmi. Bó bá jẹ́ òun ni, kó ṣe é bí mo ṣe wí."

A dúró kí wọ́n fi bátìrì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, bí mo ṣe ń pè é fún un. Ó dún, ó gé e. Ó mí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dún, ó gé e. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yọ bátìrì kí nǹkan kan má baà tún lọ ṣèèṣì. Àwa méjèèjì jókòó, à ń wo bátìrì yẹn lórí tábìlì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àlájà tó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibo ni ìyá yín á wá filáàṣì sí?"

Mo sáré dá a padà. Iná tàn. A dúró.

Ó dún kín-ín, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni àdéhùn wa. Ṣùgbọ́n ó tún dún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bùọ̀dá Gàní gbé fóònù náà mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun títí di ọ̀sán.

Ilé

A ò lè bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá wa ò sì kọ́ wa láti sá fún aṣọ oníbàárà. A yá máṣíìnì kejì, àwa méjèèjì jókòó ránṣọ bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó ní bọ́tìnì mi ò dúró dáadáa. Mo ní kó yé fi eyín gé òwú. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun, á filáàṣì Ọ̀tà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá wa á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè é kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ ò ṣe é sọ láì wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí a dé Ojú Ore, ọ̀sán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mọ́. Ó ń béèrè igi àgbálùmọ̀ tó wà ní ìkóríta, mo ní òun ni wọ́n gé tí wọ́n fi kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀ bí a ṣe ń súnmọ́ ilé. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á, nítorí náà mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó ṣíwájú.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá wa. Ó fi ọwọ́ tún fìlà ṣe. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti kàn án lẹ́ẹ̀kẹta bí bàbá wa ṣe kọ́ wa.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo gbọ́ tí tẹ̀sùbáà fara kan ẹní. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa sọ̀rọ̀ láti inú ilé. Kò pariwo rárá, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ rajà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ilẹ̀kùn ò tì, Àkànbí. Wọlé."